Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ pé eré orin tí gbogbo ayé ń yìn ní Broadway máa tó kógbá sílé

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, eré Company tí wọ́n ń ṣe ní Broadway, ìyẹn àwọn tíátà ńlá New York, gba Tony márùn-ún, àmì ẹ̀yẹ eré Broadway, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, títí kan èyí tí wọ́n máa ń fún eré orin àtijọ́ tí wọ́n tún gbé jáde tó dáa jù lọ́dún yẹn. Eré 1970 ni o, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bobby ló wà nídìí ìtàn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àfìgbà tí Marianne Elliott tó darí ẹ̀ sọ ọ́ di obìnrin, ó di Bobbie, gbogbo ìtàn sì yí bìrí. Wọ́n yìn ín títí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Tony yẹn tí ìkéde jáde pé July 31 ló máa parí. Èmi gan-an bú wọn lọ́jọ́ yẹn, mo ní ta ló ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí kọ́sítọ́mà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀?

Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka iye tó ń wọlé fún àwọn eré Broadway lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń ka tábìlì bọ́ọ̀lù, mo sì ti wá mọ̀ ọ́n kà débi pé eré tó ń kú lọ kì í yà mí lẹ́nu mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín nìyẹn, torí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ ó rí eré náà wò kí wọ́n tó tì í, ẹ ó rí i lówó tó rọjú, ẹ ò sì ní máa bú pródúsà lásán bíi tèmi.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti dá ọjọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pariwo pé "wọ́n ti tì í o" nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti kọ limited, ìyẹn pé ìgbà díẹ̀ ni, sára pátákó ẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́. Spring Awakening tí ẹgbẹ́ òṣèré Deaf West gbé jáde ní 2015, tó jẹ́ pé àwọn adití àti àwọn tó ń gbọ́rọ̀ jọ ṣe é, tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n tún ń kọrin ẹ̀, wọ́n ti sọ pé ó lọ́jọ́ tó máa parí, January 24, 2016 ló sì parí. Oklahoma! ti 2019 náà, èyí tí Daniel Fish darí, tí wọ́n ń pa gbogbo iná tíátà láwọn ibì kan tẹ́ ẹ ó kàn máa gbóhùn nínú òkùnkùn, tí wọ́n tún ń fún àwọn tó wá wòran ní ẹ̀wà chili tí wọ́n bá dúró láàárín eré, òun náà lọ́jọ́ tiẹ̀, wọ́n kàn ń sún un síwájú bó ṣe ń tà ni. Ọgbọ́n ọjà ni. Tẹ́ ẹ bá dá ọjọ́ tó sún mọ́lé, àwọn èèyàn á sáré rà, tó bá tà dáadáa ẹ sún un síwájú, tí ò bá tà ẹ ti rí ọ̀nà lọ láìsí ìtìjú. Nítorí náà eré tó parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un ò kú o. Èyí tí wọ́n ò dájọ́ fún, tàbí èyí tí wọ́n fa ọjọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, ìyẹn là ń sọ.

Ó kù kẹ́ ẹ wá fígọ̀ owó tó ń wọlé fún wọn. Broadway League, ẹgbẹ́ àwọn pródúsà àti àwọn tó ni tíátà, ló ń kó o jọ, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń parí ní Sọ́ńdè, tó bá ti di Mọ́ńdè tàbí Túsìdé ó ti jáde, Playbill àti BroadwayWorld náà máa ń gbé e sórí wẹ́bsáìtì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ eré kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí iye owó tó wọlé, iye èèyàn tó wá, pásẹ́ǹtì ìjókòó tó kún, àti iye tí tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ní ìpíndọ́gba. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà rèé: pásẹ́ǹtì yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. "Ó kún tó 95 pásẹ́ǹtì, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ tì í?" Ẹ jọ̀ọ́, ìjókòó tó kún kò túmọ̀ sí owó tó wọlé. Wọ́n lè fún èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ kí inú ilé má bàa dá páropáro, wọ́n lè tà á ní ìdajì owó. Iye tí tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ní ìpíndọ́gba ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, òun ló máa sọ bóyá àwọn èèyàn fẹ́ eré yẹn débi kí wọ́n tọwọ́ bàpò gidi.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, ẹ má sá o. Ká ní tíátà kan ní ìjókòó 1,000. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ń ṣeré lọ́sẹ̀ ní Broadway, nítorí náà ìjókòó 8,000 ni wọ́n ní láti tà. Ká wá ní owó tó ń jáde lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ kan, kí wọ́n ṣáà ti ṣí ilẹ̀kùn, jẹ́ $700,000. Tí gbogbo ìjókòó bá kún bámúbámú, tí tíkẹ́ẹ̀tì wá jẹ́ $85 ní ìpíndọ́gba, $680,000 ló wọlé. Ilé kún, àwọn èèyàn dìde wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé, wọ́n sì ti pàdánù $20,000 lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ wá wo eré kejì, tiẹ̀ ò kún, 75 pásẹ́ǹtì péré, ìyẹn 6,000 èèyàn, àmọ́ $130 ni tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ní ìpíndọ́gba. $780,000 nìyẹn, ó jèrè $80,000. Ilé tí ò kún ló ń jèrè, èyí tó kún ló ń jẹ gbèsè.

Ẹ má tíì yọ̀ fún ẹni tó jèrè $80,000 yẹn o. Owó tí wọ́n fi gbé eré dìde níbẹ̀rẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀, owó àwọn tó dá owó sí i. Ká ní $14,000,000 ni wọ́n kó jọ, ẹ pín in sí $80,000, ọ̀sẹ̀ 175 ni wọ́n máa lò kí wọ́n tó rí owó wọn padà, ó lé ní ọdún mẹ́ta, láìsí ọ̀sẹ̀ burúkú kankan láàárín. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìyẹn?

Owó tó ń jáde lọ́sẹ̀ yẹn, nut làwọn ọmọ Broadway ń pè é. Wọn kì í sọ ọ́ fáráyé, àmọ́ ẹ lè fojú díwọ̀n ẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó ka orúkọ inú ìwé Playbill tí wọ́n fún yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ka òṣèré, ẹ ka àwọn tó ń múra sílẹ̀ láti rọ́pò òṣèré tí ò bá lè wá, ẹ ka àwọn tó ń lu ìlù tí wọ́n ń fun fèrè, ẹ wá yí i sẹ́yìn ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ ò rí lórí ìtàgé rárá, àwọn tó ń gbé nǹkan, tó ń wọṣọ fún èèyàn, tó ń ṣe irun, tó ń tọ́jú iná àti máíkì. Gbogbo wọn ló ní yúníọ̀nù, gbogbo wọn ló ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi owó ilé kún un, láńlọ́ọ̀dù ń gba iye kan pàtó, ó tún ń bù nínú ohun tó bá wọlé. Ẹ fi ìpolówó kún un. Ẹ fi owó àwọn tó ni eré kún un, torí bí ẹni tó kọ eré bá tiẹ̀ ti kú, àwọn ajogún ẹ̀ ò kú, wọ́n ń gba tiwọn.

Ibí ni eré tí wọ́n gbé gba ọ̀nà àrà ti ń kó sí ìjọ̀ngbọ̀n jù. Dáírẹ́kítọ̀ á ní òun ò fẹ́ kí àwọn èèyàn jókòó síwájú ìtàgé bí wọ́n ṣe ń ṣe látọjọ́ yìí, òun fẹ́ kí wọ́n yí òṣèré ká, kí tábìlì wà níbí, kí ẹsẹ̀ gba ibẹ̀. Ó dáa, ó rẹwà. Àmọ́ ká ní ìjókòó 120 ni wọ́n yọ kúrò ní tíátà tá a fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn, ìjókòó 960 ló lọ lọ́sẹ̀ kan, ní $85 yẹn, $81,600 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láńlọ́ọ̀dù ò torí ìyẹn gba owó tó kéré. Ti àwọn olórin náà tún wà ńbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní èèyàn méje péré lòun fẹ́ kó lu orin yìí, ohun táwọn tíátà ńlá Broadway bá yúníọ̀nù àwọn olórin fọwọ́ sí ni pé tíátà kọ̀ọ̀kan ní iye olórin tí ò gbọ́dọ̀ dín sí, ẹni tó bá fẹ́ dín in kù ní láti lọ ṣàlàyé fún wọn pé bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ ní March 2003 tí gbogbo eré orin Broadway fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ wo Cabaret tí wọ́n ṣí ní August Wilson Theatre ní April 2024. Inú ilé yẹn ni wọ́n tú tí wọ́n tún tò, tí wọ́n yí i padà di kíláàbù, àwọn oníjó àti olórin á ti máa ṣeré lọ́nà ìwọlé kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ọtí ń lọ ọtí ń bọ̀. Owó tí wọ́n kó jọ fún un lè tó $26 mílíọ̀nù. Òṣèré Eddie Redmayne ló kọ́kọ́ ṣe é, owó ń wọlé. Ó lọ, Adam Lambert dé, ó lọ, Orville Peck dé, ó lọ, Billy Porter dé. September 21, 2025 ni wọ́n tì í. Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni pé Cabaret yìí kan náà ti bẹ̀rẹ̀ ní London láti ìparí 2021, wọ́n ń ṣe é lọ níbẹ̀ nígbà tí ti New York kógbá wọlé. Orin kan náà, dáírẹ́kítọ̀ kan náà, Rebecca Frecknall. Àmọ́ owó tó ń gbé eré dìde ní London kò tó ti New York rárá, nítorí náà ọjà tó lè jẹun níbẹ̀ máa ń kú síbí.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ọ̀nà àrà ló ń pa wọ́n. Sweeney Todd tí John Doyle gbé jáde ní 2005, òṣèré mẹ́wàá péré, àwọn fúnra wọn ló ń lu ohun èlò orin wọn, obìnrin tó ń ta páì fún yín lórí ìtàgé ló tún ń fun fèrè tuba. Àrà gidi nìyẹn. Àmọ́ nǹkan bíi $3.5 mílíọ̀nù ni wọ́n fi gbé e dìde, wọ́n rí owó wọn padà láàárín oṣù mélòó kan. Chicago ńkọ́? Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ ní Broadway yìí, November 1996 ni wọ́n ti ṣí i, ẹgbẹ́ olórin jókòó sórí ìtàgé gan-an, aṣọ dúdú làwọn òṣèré wọ̀, kò sí ilé kankan tí wọ́n ń kọ́ tí wọ́n ń wó lórí ìtàgé. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e bẹ́ẹ̀ yẹn, àwọn kan ní kí ni gbogbo eléyìí, ṣé owó tán ni? Kò tíì kúrò ńlẹ̀ títí dòní. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá wọ tíátà tẹ́ ẹ rí àrà, ẹ bi ara yín: ṣé àrà yìí ń dín owó kù ni àbí ó ń fi kún un?

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Broadway tó jẹ́ àlejò, kì í ṣe ará New York. Àlejò ní alẹ́ méjì, ó kó ọmọ méjì dání, ó rí orúkọ eré tí ìyá ẹ̀ máa ń kọ orin ẹ̀ nílé, ó ní ẹ jẹ́ ká lọ. Ó débẹ̀, eré ò jọ èyí tó wà lọ́kàn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà, òkùnkùn wà, aṣọ ijó tó ń retí ò sí. Kì í ṣe pé eré náà ò dáa o, ohun tó wá rà kọ́ ni. Bó ṣe máa sọ fún àwọn ará ilé ẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí irú eré náà sì wà fún gan-an, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn nǹkan àrà, wọ́n rí orúkọ ẹ̀ wọ́n ní "eré àwọn ìyá àgbà", wọn ò yà síbẹ̀. Orúkọ tó yẹ kó pe èèyàn wá, ó pe àwọn tí ò ní gbádùn ẹ̀, ó lé àwọn tí ì bá gbádùn ẹ̀ dànù. Mi ò rí ìpolówó tó yanjú ìyẹn dáadáa rí, rivíù tó dùn bí oyin ò yanjú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àmì tẹ́ ẹ lè fojú rí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ọjọ́ tó jìn jù tí wọ́n ṣì ń tà. Tí àwọn eré mìíràn bá ti ń tà dé ìparí ọdún, tí eléyìí dúró síwájú bíi oṣù méjì péré, tí wọn ò sì sún un síwájú, ẹ fura. Ẹ tún mú ọjọ́ Túsìdé tàbí Wẹ́sìdé tó ń bọ̀, ẹ wo àwòrán ìjókòó, iye tó ṣì ṣófo. Sátidé ò lè sọ òtítọ́ fún yín, gbogbo eré ló máa ń tà ní Sátidé. Tẹ́ ẹ bá wà nítòsí Times Square, ẹ yà sí TKTS lábẹ́ àtẹ̀gùn pupa yẹn, àtọdún 1973 ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan náà ní ẹ̀dínwó, tó lè tó ìdajì. Gbogbo eré ló máa ń kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ eré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba rivíù tó dáa, tó wá wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn nírọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀ràn ti wà ńbẹ̀.

Àmì tó dá mi lójú jù, inú ilé gan-an ni mo ti rí i. Oṣù kejì ọdún kan ni, òtútù ń mú èèyàn dé egungun, èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ wo eré kan tí mi ò ní dárúkọ. Òkè téńté là ń lọ, ibi tó wọ́n kéré jù. A dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ọmọbìnrin tó ń júwe ìjókòó gba tíkẹ́ẹ̀tì wa, ó wò ó, ó fún wa ní òmíràn, ó ní ká máa lọ sísàlẹ̀. Ìlà kẹfà sí ìtàgé! Inú àbúrò mi dùn, ó ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò rí oore Ọlọ́run?" Mo ní jókòó jẹ́ẹ́, eré yìí ti ń kú lọ. Ó ní kí ló dé tí mo máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo ní kó gbójú sókè. Okùn ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà òkè, iná ibẹ̀ ò tàn, wọ́n ti kó gbogbo wa wá sísàlẹ̀ kí àwọn òṣèré má bàa máa kọrin sí ìjókòó òfìfo. Eré yẹn dùn débi pé mo sunkún nínú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n lẹ ìwé mọ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ìtàgé pé wọ́n fẹ́ tì í.

Kàlẹ́ńdà náà ń sọ̀rọ̀ o. Ẹ wo ọjọ́ tí Once on This Island parí, èyí tí wọ́n da iyanrìn sílẹ̀ tí wọ́n mú ewúrẹ́ ààyè wá sórí ìtàgé, tó gba Tony àtúngbéjáde ní 2018: January 6, 2019. Ẹ wo Fela! tiwa, kì í ṣe àtúngbéjáde o, eré tuntun ni nígbà yẹn, Tony mẹ́ta ló gba: January 2, 2011. Kì í ṣe èèṣì. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì sí ọdún tuntun lowó máa ń wọlé jù lọ́dún, èyí tó ti ń kú á rọ́jú dé ibẹ̀, á kó owó yẹn, á sì palẹ̀ mọ́ kí òtútù January tó dé, ìgbà tí àlejò á ti lọ. September náà burú, ọmọ ti padà síléèwé. Lẹ́yìn Tony ní oṣù kẹfà tún ni ìgbà mìíràn: pródúsà á ti máa fi owó tirẹ̀ ti eré lẹ́yìn, á ní "tá a bá ṣáà gba Tony", tó bá gbà á tí owó ò yí padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti parí. Bí ti Company yẹn ṣe rí lójú tèmi nìyẹn.

Láńlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ tún lè lé eré jáde. Nínú àdéhùn wọn, iye kan máa ń wà tó jẹ́ pé tí owó tó ń wọlé bá já sísàlẹ̀ ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, láńlọ́ọ̀dù lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kẹ́ ẹ kó jáde. Tíátà Broadway ò ju 41 lọ, ọwọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni èyí tó pọ̀ jù wà, tó bá ti ń sún mọ́ oṣù kẹrin tí gbogbo eré tuntun ń du àtiwọlé kí ọjọ́ Tony má bàa ré wọn kọjá, ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ti pọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá rí gbogbo àmì yìí lára eré tẹ́ ẹ fẹ́ràn, kí lẹ máa ṣe? Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n máa kéde. Tí ìkéde bá ti jáde, gbogbo àwọn tó ti ń sọ pé "màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" látọjọ́ yìí á rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dínwó á pòórá, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn á wọ́n ju gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lọ. Ẹ rà á nísinsìnyí, fún Túsìdé tàbí Wẹ́sìdé, ní àárín. Tẹ́ ẹ bá lè débẹ̀, ẹ rà á lọ́wọ́ bọ́ksì ọ́fíìsì tíátà gan-an, owó tí wọ́n ń fi lé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní kàn yín. Tíkẹ́ẹ̀tì yín nìkan ò ní gbà á là, ẹ má tan ara yín.

Tẹ́ ẹ bá wá pàdánù ẹ̀ pátápátá, ọ̀nà kan ṣì kù. Ibi ìkówèésí fún eré orí ìtàgé tó wà ní Lincoln Center, ti New York Public Library, láti 1970 ni wọ́n ti ń ká fídíò àwọn eré Broadway sílẹ̀. Wọn kì í gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í yá yín gbé lọ sílé. Ẹ máa kọ̀wé sí wọn ṣáájú, ẹ máa sọ iṣẹ́ tàbí ìwádìí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, wọ́n á dá ọjọ́ fún yín, ẹ ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ẹ ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ (headphone) bo etí. Èmi àti àbúrò mi ń múra láti kọ̀wé sí wọn nítorí eré oṣù kejì yẹn, ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun fẹ́ wo bó ṣe rí láti òkè.